Àdúrà Tí Marufat Gbà Fún Kabir

Nígbà tí Marufat wọlé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun méjì ló gbé bọ̀ láti Ọ̀yọ́ tí kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: aṣọ rírán àti òkú wíwẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ló ti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Òkú wíwẹ̀ ní tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, torí ìyá náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ládùúgbò wọn. Ìyá yẹn kọ́ ọ pé ọwọ́ tó ń wẹ òkú kì í kánjú, ohun tí ojú bá sì rí nídìí òkú, ẹnu kì í rò ó. Marufat kò gbàgbé. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ kó sọ pé ara lágbájá rí báyìí, tàbí pé ojú tàmẹ̀dò kò pa dé. Nítorí ìyẹn làwọn ènìyàn ṣe fọkàn tán an. Nítorí ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé, nígbà tó wá sọ̀rọ̀ lórí òkú kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà da ìlú rú.

Ilé tí wọ́n gbé e wá ní apá méjì. Mashood ọkọ rẹ̀ ń gbé apá kan, Philip àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé apá kejì, àgbàlá ló wà láàárín wọn. Mùsùlùmí ni Mashood gẹ́gẹ́ bíi bàbá wọn. Philip ní tirẹ̀ lọ sílé ìwé tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere dá sílẹ̀, ó di ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, nígbà tó sì dàgbà wọ́n fi jẹ díákónì. Ìyá wọn, Oyèrónkẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tẹ̀lé Philip lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ṣùgbọ́n kò yéé gba ààwẹ̀ pẹ̀lú Mashood. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé níbo gan-an ló dúró sí, á ní ibi tí àwọn ọmọ òun bá wà lòun wà.

Àwa tí à ń gbé ládùúgbò kò ka ìyẹn sí nǹkan ìyanu. Bí Iléyá bá dé, Philip ló máa ń di ẹsẹ̀ àgbò mú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá dé, Mashood á ti la igi kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Marufat á sì wà nídìí ìkòkò ìrẹsì pẹ̀lú Ìyá James, ìyàwó Philip. Aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Marufat ló ń rán an ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Igbó. Ọ̀pọ̀ ilé ló rí bẹ́ẹ̀ nílùú wa. Ẹ̀sìn dà bí òpó nínú ilé; a máa ń fẹ̀yìn tì í, a kì í wò ó.

Mashood kú lójijì. Ọmọ kan ló fi sílẹ̀, Kabir. Kabir àti James ọmọ Philip fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, orí ẹní kan náà ni Ìyá Àgbà ti tọ́ wọn, àlejò tó bá kọ́kọ́ wọ ilé náà á rò pé ìbejì ni wọ́n. James kàwé, ó gba ìwé ẹ̀rí, kò ríṣẹ́. Kabir lọ kàwé ní Ìbàdàn, kò parí rẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó ti rù kangẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, oògùn olóró ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń dá sọ̀rọ̀ ní àgbàlá. Ó gbé orí máṣìnì ìyá rẹ̀ tà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà kó má bàa jáde lọ wá nǹkan náà, Kabir sì tì í. Arúgbó ṣubú lu àtẹ̀gùn, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tí wọ́n bi í ní ọsibítù pé kí ló ṣe é, ó ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀.

Marufat gbájú mọ́ àdúrà. Ó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣe sàráà, ó ń pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀ títí àmì fi yọ níwájú orí rẹ̀. Ìyá Àgbà ń gba ààwẹ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, á gbé Bíbélì lé orí itan tó ń dùn ún, á máa ka Sáàmù. Àdúrà Marufat kò gùn. Ó ní kí Ọlọ́run ṣáà yí Kabir padà, bó bá ti wù Ú kó yí i padà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

"Marufat, má fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn," ó ní. "Sọ irú ẹni tó o fẹ́ kó dà."

Marufat rẹ́rìn-ín. Ó ní ohunkóhun tó bá dà ló dára ju èyí tí àwọn ń wò lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Abdulkareem, kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Igbó, lẹ́yìn ìrun Alásárì á sì máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́sìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Òun ló bá Kabir níbi tó sùn sí létí gọ́tà. Kò bú u. Ó bu omi fún un, ó jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi là. Lẹ́yìn ìyẹn ó wá sọ́dọ̀ Marufat, ó ní kó jẹ́ kí òun mú ọmọ náà lọ sí oko kan tí òun àti àwọn ará òun dá sí ìhà Ìrẹsà, pé níbẹ̀ wọ́n ń ro oko, wọ́n ń kírun, kò sì sẹ́ni tó ń ta oògùn níbẹ̀. Marufat kó aṣọ Kabir sínú àpò kíá.

Gbogbo àsìkò òjò ni Kabir lò níbẹ̀. Nígbà tó padà, ẹran ti bo egungun rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ojú ọmọ ọwọ́, irùngbọ̀n ti hù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló lọ dì mú, ó gbé orí lé e, ó sunkún, kò sì tètè dìde. Ìyá Àgbà ń fọwọ́ pa á lórí, òun náà ń sunkún. Èmi wà níbẹ̀, mo sunkún. Kò sí ẹni tó rí Kabir lọ́jọ́ yẹn tó lè sọ pé Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà.

Philip ní ọpẹ́ yẹ. Ó sọ fún àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n dá ọjọ́ Ìsinmi kan, gbogbo ilé múra. Marufat wé ìborùn rẹ̀ dáadáa, ó bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lọ bí nǹkan ẹbí bá wà. Kabir náà bá wọn rìn dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ló dúró sí. Philip ṣẹ́wọ́ sí i, Kabir mi orí. Nínú oòrùn yẹn ló dúró títí wọ́n fi jọ́sìn, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n jó lọ síwájú pẹpẹ nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé yẹn kọ́ ló gbà mí," ó ní. "Ẹ má tún wọ ibẹ̀ mọ́ nítorí mi."

Kò pariwo. Ohùn Abdulkareem ló fi sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Marufat sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nǹkan kan tutù nínú òun bí ìgbà tí wọ́n bá da omi kànga síni lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ojú tó mọ́ tónítóní yẹn, ó sì pa ẹnu mọ́. Ta ló fẹ́ bá irú ojú bẹ́ẹ̀ jà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti rí?

Kérésìmesì ọdún náà, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rìn kọjá àgbàlá, ó gbé abọ́ ìrẹsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ bù wá fún Kabir. Kabir fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, ó sì gbé e padà lé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Àgbà má bínú, òun kò lè jẹ oúnjẹ ọdún yẹn. Ìyá Àgbà wo inú abọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, Kabir bẹ ìyá rẹ̀ pé kó yéé rán aṣọ akọrin. Marufat kọ̀. Kabir kò jà, ṣùgbọ́n bó bá ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lórí máṣìnì, kì í jẹun ilé lọ́jọ́ náà. Á gba ààwẹ̀ lórí rẹ̀, á máa wo ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ìyá tó ti rí ọmọ rẹ̀ tó rù kangẹ rí, irú ìyà wo ló tún tó èyí? Nígbà tó yá, Marufat sọ fún Ìyá James pé òun kò ráàyè mọ́. Ìyá James kò bi í léèrè ìdí. Ìyẹn gan-an ló dun Marufat.

Kì í ṣe apá Kabir nìkan ni nǹkan ti ń yí. James rí bí gbogbo ilé ṣe ń bọlá fún Kabir, ó rí bí Kabir ṣe ní ẹgbẹ́, tó ní iṣẹ́ oko, tó ní ohun tó ń sọ. Òun jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Oníwàásù ọ̀dọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn nígbà náà, ó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé àwọn bàbá wọn ti sùn lọ, pé ọ̀tá ń jókòó jẹun pẹ̀lú wọn nínú àwo kan náà. James gbà á gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibi tí àwọn Abdulkareem ń jókòó sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Marufat jáde lọ ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ nǹkan tó ń yọ̀. Òróró àdúrà ni. Wọ́n ti dà á sí àbáwọlé rẹ̀, wọ́n fi kun òpó ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tó ń ti nǹkan búburú mọ́ inú ilé. Ó mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ó ti gbé ọmọ náà pọ̀n rí. Ó mú àkísà, ó nù ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó lọ bá Lẹ́mọ́mù àdúgbò wa, àgbàlagbà tó ti ń ṣíwájú ìrun láti ìgbà tí Mashood ti wà lọ́mọdé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Kabir, nígbà tí ọmọ rẹ wà létí gọ́tà, ta ni nínú wa tó lọ gbé e?" Lẹ́mọ́mù bi í. "Èmi gbàdúrà fún un, mo sì lọ sílé mi. Ẹni tó gbé e ló ni í báyìí. Kí ni kí n wá sọ fún un?"

Ó fi kún un pé àwọn ọ̀dọ́ kì í wá bi òun léèrè nǹkan mọ́, pé inú fóònù ni wàásù wọn wà. Ó ní okùn ẹ̀sìn tó so ìlú pọ̀ ni àwọn kan ti ń tú báyìí, tí wọ́n fẹ́ fi de ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ní kí Marufat máa rọra.

Àìsàn dá Ìyá Àgbà gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀ tó Kabir, ká sọ òdodo. Òun ló ń gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́, òun ló ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń bó ọsàn fún un, tó ń yọ kóró inú rẹ̀ kúrò. Bó ṣe tì í, tó ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì dá a lójú pé bí òun kò bá mú un dé ọ̀run rere, òun kò tíì san gbèsè náà. Nítorí náà á jókòó tì í lójoojúmọ́, á máa kọ́ ọ ní kálímà ṣàhádà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ìgbàgbọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ìyá Àgbà á máa sọ ọ́ tẹ̀lé e, bí ọmọdé tó ń kọ́ orin. Nírọ̀lẹ́, Philip á wá, wọ́n á kọ orin ìyìn, Ìyá Àgbà á máa gbè é pẹ̀lú ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kabir gbà pé ó ti padà sínú Ìsìláàmù. Philip mọ̀ pé ó wà nínú Kírísítì. Marufat tó ń wọlé tó ń jáde rí i pé olúkúlùkù ni Ìyá Àgbà ń fún ní ohun tó ń béèrè, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pín ẹran.

"Wọn yóò jà lé mi lórí," Ìyá Àgbà sọ fún un lọ́jọ́ kan tó ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe.

Marufat bi í pé kí ni kí àwọn ṣe.

"Ìwọ ni kó o wẹ̀ mí. Ìyókù kọjá agbára mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, nígbà ọyẹ́. Kabir wà ní mọ́sáláṣí, Philip wà níbi ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Marufat nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà la ojú, ó pe Mashood, bí ẹni pé Mashood wà nínú yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ó wo Marufat, ó ní, "Ṣé Kabir ti jẹun?" Marufat ní ó ti jẹun. Ẹ̀mí arúgbó sì bọ́.

Marufat pa ojú rẹ̀ dé, ó fi ọ̀já di àgbọ̀n rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ṣe láìmọye ìgbà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò tètè ṣílẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti ṣí i, ohun tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á wọlé. Ó jókòó tì í. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lójú títì, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kadà ń kọjá. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Kí oòrùn tó rọ̀, àgbàlá ti kún. Kabir, Abdulkareem àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dúró sí apá kan. Philip, James àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dúró sí apá kejì. Wọ́n gbé àga fún Lẹ́mọ́mù sáàárín. Philip mú un wá sí ìrántí pé ọmọ ìjọ ni ìyá òun, pé tábìlì Olúwa ló ti ń jẹ láti ọdún gbọọrọ. Kabir ní ìyá náà ti ṣe ṣàhádà lọ́wọ́ òun, pé itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ló ń lọ. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Kí lọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wọn jáde kẹ́yìn?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá pe ọ̀rọ̀ kan, Kabir á gbé òkú náà. Bó bá pe òmíràn, Philip á gbé e. Ó tún lè ní ohun tí ojú bá rí nídìí òkú, ẹnu kì í rò ó, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Wọ́n bi mí bóyá o ti jẹun," Marufat wí.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Kabir yí padà, mo rí i, bí ìgbà tí ọmọdé bá fẹ́ sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Ṣàhádà ńkọ́?"

"N kò gbọ́ ọ."

"Màmá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Torí pé mo bẹ̀rù Rẹ̀ ni mo ṣe sọ ohun tí mo gbọ́."

Lẹ́mọ́mù ní ó tó. Ó ní kí Philip, ọmọ rẹ̀ tó kù láyé, sin ín, pé Ọlọ́run mọ ẹni Rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó tẹ̀lé Kabir ti pariwo lé e lórí. Wọ́n pe Lẹ́mọ́mù ní aláìmọ̀kan. Ẹnìkan ní ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ kèfèrí. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ládùúgbò wa. Bàbá náà wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde, kò sì sí ẹni tó yà fún un. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an. Marufat mú ọwọ́ Ìyá James, àwọn méjèèjì wọ inú yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì wẹ Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, bí pósí ṣe yọ sí ojú títì ni àwọn ọ̀dọ́ ti Kabir tò dí ọ̀nà. Abdulkareem ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má jà, ó ní kí wọ́n ṣáà dúró. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dúró. James ló wà níwájú pósí. Ó ní kí wọ́n yà. Kabir ní kí wọ́n dá ìyá àwọn padà sínú ilé. James sọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tó tì í lulẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àṣírí ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ títí ó fi kú. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni òkúta fò. A kò rí ọwọ́ tó sọ ọ́. James di ojú rẹ̀ mú, ó wó lulẹ̀, àwọn tó gbé pósí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, igun pósí kan lu ojú títì. Gbogbo ènìyàn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti Ọjà Igbó, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, lójú ọ̀sán gangan.

Wọ́n sin Ìyá Àgbà sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò kọrin tó ẹsẹ méjì. Ojú òsì James kò ríran mọ́. Wọ́n mú Kabir lọ sí tèṣàn.

Philip lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé òun kò ní ẹjọ́ kankan láti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun rò, ó fọwọ́ sí ìwé, wọ́n tú Kabir sílẹ̀. Ó dúró dè é níwájú tèṣàn. Kabir jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ ọkọ̀ tí àwọn ará rẹ̀ gbé wá, ọkọ̀ náà sì mú ọ̀nà Ìrẹsà pọ̀n. Philip fẹsẹ̀ rìn wálé. Gbogbo ohun tó sọ fún Marufat kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Mo dúró kó kí mi," ó ní.

Lẹ́yìn ìyẹn wọn kò ránṣẹ́ pe Marufat wẹ òkú mọ́. Àwọn obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àsáláàtù ní ó fi ọwọ́ onígbàgbọ́ kan òkú pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn míì ní ó tú àṣírí òkú. Ó lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ Mìkáílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ awọ, ó ní kí ọkàn òun lọ sinmi níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kò tẹ̀lé Mìkáílù wọ mọ́sáláṣí bàbá wọn. Wọ́n ti tẹ́ ẹní tiwọn sí òdìkejì títì, wọ́n ní Lẹ́mọ́mù tiwọn. Mìkáílù ní kò tó nǹkan, ó ní ọmọdé ló ń ṣe wọ́n. Marufat bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹun nílé rẹ̀. Mìkáílù ń fi ọ̀bẹ ge awọ lọ. Marufat di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kò sọ̀kalẹ̀ nílé. Ìrẹsà ló gbà lọ tààrà. Ó bá Kabir nínú oko, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ilẹ̀ tí wọ́n ro mọ́ dáadáa, iṣu wọn ta. Ó yọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ó wá àga fún un, ó bó ọsàn fún un, ó yọ kóró inú rẹ̀. Marufat bi í bóyá òun ló sọ òkúta yẹn.

"N kò mọ̀, Màmá," Kabir ní. "Gbogbo wa ni òkúta wà lọ́wọ́ wa."

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀, kó padà wálé, kó wá bẹ James. Kabir gbọ́ ọ tán. Kò bínú.

"Ṣé kí n padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni?" ó bi í. "Ẹ sọ fún mi. Èwo lẹ fẹ́?"

Ọ̀nà ilé jìn láti Ìrẹsà.

Àwọn àgbà ìlú ṣe ìpàdé àlàáfíà. Lẹ́mọ́mù àti àlùfáà jókòó pọ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, a pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, n kò rí ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ àfi àwọn tó ń to àga.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Marufat nígbà tí James wọlé. Ó gbé aṣọ dúdú kan dání, ìdì ńlá. Ó kí i dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ti dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, pé wọ́n fẹ́ ṣòkòtò àti ẹ̀wù tó bára mu, kí ó sì lágbára níbi èjìká.

"Ta lẹ ń ṣọ́?" Marufat bi í.

"Ilé Ọlọ́run ni, Màmá."

"Lọ́wọ́ ta?"

James yí ojú kan tó kù sí i, ó wò ó. Kò sí ìbínú nínú ìwò náà, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ni.

"N kò ní rán an, James."

"Ó dáa, Màmá. Ẹ má ṣèyọnu." Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀, ó sọdá sí ọ̀dọ̀ télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Wọn kò sọ̀rọ̀ pẹ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ máṣìnì tí ó ń dún. Marufat gbé aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, máṣìnì òdìkejì kò tíì dákẹ́.